Láti Orí Ìka Dé Ojú Àmì: Ìbọn Ìdíje Àtijọ́, Ti Òde Òní àti Tírígà Wọn

Mú rúlà, kí o wọn mìlímítà 11.5 sórí bébà. Kò fẹ̀ tó àtàǹpàkò rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni agbo tó wà ní àárín gbùngbùn àmì ṣe fẹ̀ mọ nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́, agbo tó ń fúnni ní máàkì 10. Mítà 10 ni elére fi ń jìnnà sí i. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó na apá kan ṣoṣo jáde, kò gbọ́dọ̀ gbé apá náà lé ohunkóhun, ọta tó sì ń yìn kò fẹ̀ ju mìlímítà 4.5 lọ. Bí ọta náà bá fi etí kan agbo lásán, máàkì 10 ti wọlé. Tí a bá ṣírò rẹ̀, àárín ọta lè fi mìlímítà 8 yà kúrò ní àárín àmì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Lórí ìbọn, irin pẹlẹbẹ kan dúró ṣánṣán níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn tó ní ẹ̀là láàárín. Elére á gbé irin iwájú sáàárín ẹ̀là ti ẹ̀yìn, kí àlàfo ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba, kí orí méjèèjì tẹ́jú. Irin méjèèjì sábà máa ń jìnnà síra tó bíi mìlímítà 330. Mítà 10 jẹ́ ìlọ́po 30 ìyẹn. Nítorí náà, bí irin iwájú bá fi mìlímítà 1 yẹ̀ nínú ẹ̀là rẹ̀, ọta yóò fi mìlímítà 30 yẹ̀ lójú àmì. Kí máàkì 10 tó bọ́ lọ́wọ́ elére, kí irin náà yẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà kan ti tó. Ìka tó ń fa tírígà ló sì sábà máa ń mú un yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbọn tuntun ń borí ti àtijọ́ nítorí pé ó ń yìn gún ju tiẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi irin de ojúlówó ìbọn ìdíje tí wọ́n ṣe ní 1970 mọ́ orí tábìlì, tí a sì wá ọta tó bá a mu fún un, kò sí èyí tí kò ní wọ agbo 10. Inú ẹnu ìbọn ti péye tipẹ́tipẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń bá jìjàkadì láti àádọ́ta ọdún wá ni àkókò bíńtín tó wà láàárín ìgbà tí ìka bá ti pinnu àti ìgbà tí ọta bá kúrò lẹ́nu ìbọn, pẹ̀lú gbogbo ohun tó lè da ọwọ́ rú láàárín àkókò náà.

Àwọn ọdẹ wa mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọdẹ bá fa tírígà ìbọn ṣakabùlà olókùúta, òkúta á kọ́kọ́ ha irin, iná á ṣẹ́, ẹtù tó wà nínú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ ìbọn á gbiná, iná náà á gba ihò tóóró wọlé lọ bá ẹtù inú, ìgbà náà ni ìbọn á tó dún. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì kéré, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́ ọ. Ọdẹ tó bá mira láàárín rẹ̀ ti tàsé. Ohun tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn: gbé ìbọn dúró sójú kan títí yóò fi dún tán. Ìbọn ìdíje òde òní ti ké àkókò yìí kúrú débi tí etí kò lè pín in sí méjì mọ́, síbẹ̀ òfin tó de ọdẹ ló de elére.

Ìbọn 65

Oberndorf jẹ́ ìlú kékeré létí odò Neckar, ní gúúsù Jámánì. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìbọn Mauser wà títí Ogun Àgbáyé Kejì fi parí, tí àwọn ọmọ ogun Faransé sì tú ẹ̀rọ ibẹ̀ palẹ̀. Karl Westinger àti Ernst Altenburger, onímọ̀ ẹ̀rọ méjì tó ti bá Mauser ṣiṣẹ́, dá ilé iṣẹ́ Feinwerkbau sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1949. Ní 1965, wọ́n gbé ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní 65. Bí mo bá ní kí n yan ìbọn kan ṣoṣo tí ẹni tó fẹ́ lóye ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀, òun ni màá yàn.

Sípíríǹgì líle ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Elére á fa ọ̀pá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn sẹ́yìn, sípíríǹgì á fúnra, ìkọ́ á sì dì í mú. Bí tírígà bá tú ìkọ́ náà, sípíríǹgì á ti písítìnì síwájú pẹ̀lú agbára, afẹ́fẹ́ tó há níwájú písítìnì á sì gbá ọta jáde. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé irin tó wúwo ni písítìnì àti sípíríǹgì yìí. Bí wọ́n bá ta síwájú, ìyókù ìbọn gbọ́dọ̀ ta sẹ́yìn, ìtasẹ́yìn náà sì ti ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ìbọn.

Ohun tí àwọn ará Oberndorf fi yanjú rẹ̀ wù mí púpọ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ òkè lódindi, àti sípíríǹgì àti písítìnì àti ẹnu ìbọn, lé orí ojú irin kékeré tí ó lè yọ̀ lé lórí. Bí ìkọ́ bá tú, gbogbo òkè ìbọn á yọ̀ sẹ́yìn díẹ̀, èèkù tó wà lọ́wọ́ elére kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó bá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ á rí òkè ìbọn tó sún, á sì rí ọwọ́ tó dúró gbọn-in. Bí elére bá tún fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ láti fún sípíríǹgì, ohun gbogbo á padà sí ipò.

Tírígà 65 náà ní ohun kan tí mo gbà pé ó yẹ kí àwọn ìbọn tuntun ṣì ní. Elére lè yí bọ́tìnnì kékeré kan kí tírígà má yọ àfi tí ìka bá fi agbára 500 gíráàmù fà á, tàbí kí ó sọ ọ́ di 1360 gíráàmù. Ìdíje afẹ́fẹ́ ló ń béèrè 500. Ìdíje àwọn ìbọn ẹlẹ́tù ńlá ló ń béèrè 1360 nígbà náà. Ìbọn kan, ilé ẹ̀kọ́ méjì.

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé písítìnì gbọ́dọ̀ sáré kí ọta tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láàárín àkókò yẹn, ìka ti ṣe tiẹ̀ tán, ọwọ́ ṣì ní láti dúró. Àwọn tó kọ́ ìbọn yínyìn lórí 65 máa ń ní ìwà kan tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn: wọn kì í yára sọ apá kalẹ̀.

Láti gáàsì dé afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún

Nínú àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi sípíríǹgì sílẹ̀, wọ́n yà sí gáàsì CO2. Sílíńdà kékeré á wà lábẹ́ ẹnu ìbọn, tírígà á tú òòlù kékeré kan tí yóò lu fáàfù, gáàsì díẹ̀ á tú jáde lẹ́yìn ọta. Kò sí písítìnì ńlá tó ń sáré mọ́, ìbọn fúyẹ́, ìtasẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan. Àkókò tó wà láàárín ìka àti ọta kúrú gan-an ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ṣùgbọ́n CO2 ní ìṣòro kan tí ẹni tó bá gbé ní ilẹ̀ olóoru kò ní gbàgbé. Inú sílíńdà náà, olómi ni púpọ̀ nínú gáàsì yìí, agbára rẹ̀ sì ń tẹ̀lé ooru. Ní ìwọ̀n ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi báà 57. Ní ìwọ̀n 30, ó ti di nǹkan bíi 72. Ìbọn tí elére tún ṣe ní òwúrọ̀ tútù kọ́ ni yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé láàárín àwọn ọdún 1990, afẹ́fẹ́ lásán tí wọ́n fún mọ́ sílíńdà títí dé báà 200 gba ipò CO2. Ohun èlò kan tó ń dín agbára kù nínú ìbọn máa ń rí i pé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà ló ń jáde fún ọta kọ̀ọ̀kan. Ọta á máa sáré ní nǹkan bíi mítà 150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìbáà jẹ́ ọta kìíní, ìbáà jẹ́ ọgọ́ta.

Àwọn kan tún fi irin kékeré kan sínú ìbọn tó máa ń lọ sí òdìkejì nígbà tí ìbọn bá dún, kí ìtasẹ́yìn bíńtín tó kù náà lè pòórá. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa pè é ní àṣejù. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí irin náà ń ṣe fún elére ni pé ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára irin iwájú lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, yóò sì rí ibi tí ìbọn wà gan-an ní ìgbà tó yìn. Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìyẹn.

Inú tírígà

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìka. Tírígà ìbọn ìdíje ní ìpele méjì. Ní ìpele kìíní, ìka ń fa irin náà bọ̀ wẹ́rẹ́, sípíríǹgì rírọ̀ kan ló ń tako ó. Lójijì, ìka á kan ohun tó le. Ìbọn kò tíì dún. Ibẹ̀ ni elére ti máa ń dúró díẹ̀ tí á tún ojú irin iwájú wò. Láti ibẹ̀, ó ku agbára díẹ̀ sí i, ìkọ́ á yọ. Nínú 500 gíráàmù tí òfin béèrè, ọ̀pọ̀ elére máa ń fi èyí tó pọ̀ jù sí ìpele kìíní, bíi 350 tàbí 400, kí ó wá ku 100 tàbí 150 péré fún èyí tó ń tú ìkọ́ gan-an. Òfin kò lòdì sí i, nítorí àpapọ̀ ni òfin ń wọ̀n.

Nínú lọ́hùn-ún, irin kéékèèké méjì ló fi etí gbé ara wọn. Ìfẹ̀ ibi tí wọ́n ti kanra lè má tó ìdajì mìlímítà. Bí ojú àwọn irin náà kò bá jọ̀lọ̀, ìka á máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọ́ lára wọn, á máa sún, á máa dúró, kò sì ní mọ ìgbà tí yóò yọ. Tírígà tó ń wọ́ báyìí burú ju tírígà tó le lọ, nítorí elére á bẹ̀rẹ̀ sí í retí dídún ìbọn. Ẹni tó bá ń retí rẹ̀ á fún ọwọ́ pọ̀, ìbọn á tẹrí ba. Ọta á lọ sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìkọ́ bá yọ, iṣẹ́ kan ṣì kù. Ìka ṣì ń tì, ohun tó ń tako ó ti lọ. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, á já sẹ́yìn, á sì ta ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kí ọta tó jáde tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi súkúrù kékeré kan sẹ́yìn tírígà láti dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, súkúrù yìí kò sí, tàbí kí ó wà níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Nínú àwọn tuntun, elére lè tún gígùn ìpele kìíní ṣe, ìwọ̀n rẹ̀, ìwọ̀n ìpele kejì, bí irin méjèèjì ṣe kanra tó, ibi tí tírígà á dúró, àti bí irin tí ìka ń tẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ọwọ́ àti ìhà tó kọ sí. Nínú gbogbo èyí, ti ìkẹyìn ni mo kà sí pàtàkì jù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Ìka tí kò bá lè fa tírígà sẹ́yìn tààrà yóò máa tì í sí ẹ̀gbẹ́, bó ti wù kí tírígà náà fúyẹ́ tó.

Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn adájọ́ á gbé òṣùwọ̀n 500 gíráàmù sórí ibi tó tẹ́jú. Wọ́n á fi ẹnu ìbọn sókè ṣánṣán, wọ́n á fi tírígà kọ́ òṣùwọ̀n náà, wọ́n á sì rọra gbé e kúrò nílẹ̀. Bí tírígà bá gbé e sókè tí kò yọ, ó yege. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n lè dán an wò, ó sì gbọ́dọ̀ yege nínú ọ̀kan. Elére tó bá ti ṣe tírígà rẹ̀ dé góńgó 500 gan-an ń fi ìbẹ̀rù wá síbẹ̀ ni. Fi gíráàmù díẹ̀ kún un, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀. Kò sí máàkì tó wà nínú gíráàmù 10.

Àwọn .22, àti ohun tí wọ́n ń pààrọ̀ nínú wọn

Nínú àwọn ìdíje mítà 25 ti Òlíńpíìkì, kátíríìjì .22 ni wọ́n ń lò, òfin sì béèrè tírígà 1000 gíráàmù ó kéré tán. Níbí ni ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ tírígà ti gbilẹ̀ jù, pàápàá ní Amẹ́ríkà.

William Ruger àti Alexander Sturm gbé ìbọn .22 wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1949, dọ́là 37.50 ni iye rẹ̀. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ẹnu rẹ̀ sì dára. Tírígà rẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbọn tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu báyìí sábà máa ń ní tírígà tó ń béèrè agbára kìlógíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìbọn má baà dún lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìbọn náà fúnra rẹ̀ kò sì wúwo ju kìlógíráàmù 1 àti díẹ̀ lọ. Rò ó wò: agbára tí ìka ń fi fa tírígà pọ̀ ju ìwọ̀n ìbọn lódindi lọ, gbogbo rẹ̀ sì ń gba ara ìbọn tó rọ̀ sí orí apá kan ṣoṣo. Kì í ṣe ohun ìyanu pé àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn rí iṣẹ́ ṣe. Ilé iṣẹ́ bíi Volquartsen, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ń ta ìkọ́, òòlù, sípíríǹgì àti tírígà tó ní súkúrù ìdádúró, tí wọ́n gé dáadáa tí ojú wọn sì jọ̀lọ̀, fún ìbọn Ruger.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé tuntun kò fi ìgbà gbogbo sàn ju àtijọ́ lọ. Nígbà tí Ruger gbé Mark III jáde lẹ́yìn 2000, wọ́n fi ohun èlò kan sí i tí kì í jẹ́ kí ìbọn dún bí àpò ọta kò bá sí nínú rẹ̀. Irin tó kún inú tírígà pọ̀ sí i, ìka sì mọ̀ ọ́n. Àwọn elére kan yọ ohun èlò náà kúrò kí tírígà lè padà dà bíi ti Mark II tó ṣáájú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, n kò sì fọwọ́ sí i. Ohun ààbò ni, ìbọn sì lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la. Mark IV tó jáde ní 2016 ṣì ní in. Ohun tó tún ṣe ni bí wọ́n ṣe ń tú ìbọn náà wò kí wọ́n lè nù ún, tó ti ń yọ àwọn èèyàn lẹ́nu láti 1949. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é báyìí.

Àwọn ará Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ṣe tírígà dáadáa láti ilé iṣẹ́, wọ́n sì gba owó rẹ̀. Hämmerli 208 ti Switzerland, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nínú àwọn ọdún 1960, ní tírígà tí ọ̀pọ̀ ìbọn òní kò tíì borí. Walther GSP, tó jáde láti ìlú Ulm ní 1968, lọ síwájú ju ìyẹn lọ: gbogbo tírígà rẹ̀, ìkọ́, òòlù, sípíríǹgì, wà nínú àpótí irin kékeré kan tí elére lè fà yọ lódindi. Ó lè ní èyí tó jẹ́ 1000 gíráàmù àti èyí tó jẹ́ 1360, kí ó máa pààrọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ìdíje ìgbà náà bá ṣe béèrè. Kò sí pé a ń ha irin, kò sí pé a fi ọwọ́ ara wa ba nǹkan jẹ́. Bí àtúnṣe tírígà ṣe yẹ kó rí lójú mi nìyẹn.

Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha ìkọ́ ìbọn ẹlẹ́tù ń fi ẹ̀mí ṣeré. Bí irin méjèèjì bá kanra níwọ̀nba tí kò tó, ìbọn lè dún nígbà tó bá já lulẹ̀, tàbí kí ọta méjì jáde tẹ̀léra nígbà tí ìka fà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí iṣẹ́ náà yé ni kí a gbé e fún, kí a sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n lẹ́yìn iṣẹ́.

Tírígà oníná

Ìdíje kan wà tí òfin kò fi ìwọ̀n kankan de tírígà rẹ̀: ìbọn ìléwọ́ mítà 50. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti lo gbogbo ọgbọ́n wọn. TOZ-35, tí wọ́n ṣe ní ìlú Tula ní Soviet Union láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ń lo tírígà tí elére á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ irin kan kí ó tó yìn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, fífi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Ní Switzerland, ilé iṣẹ́ Morini ṣe ìbọn CM84E, tí tírígà rẹ̀ ń lo iná bátìrì. Ìka kò tú ìkọ́ mọ́. Ó ń ti bọ́tìnnì iná lásán, iná á gba inú wáyà tí wọ́n wé, wáyà náà á di òòfà, òòfà á sì fa ohun tó yẹ kó fà. Kò sí irin tó ń wọ́ lára irin. Bó ṣe rí lónìí ni yóò rí lọ́dún tó ń bọ̀, níwọ̀n ìgbà tí bátìrì bá wà.

Ní Òlíńpíìkì Moscow 1980, Alexander Melentiev, ọmọ Soviet, gba máàkì 581 nínú 600 nínú ìdíje mítà 50 yìí. Ẹnikẹ́ni kò borí rẹ̀ títí di 2014, nígbà tí Jin Jong-oh ti South Korea gba 583 ní Granada. Ọdún 34! Láàárín àkókò yẹn, tírígà oníná dé, irin tuntun dé, èèkù tí wọ́n gbẹ́ bá ọwọ́ ẹni mu dé, máàkì méjì péré ni gbogbo rẹ̀ sì fi kún un, lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n jù láyé. Jin ló gba wúrà ìdíje náà ní Òlíńpíìkì 2008, 2012 àti 2016. Ní Rio ní 2016, nínú àṣekágbá, ọta rẹ̀ kan lọ sí 6.6, gbogbo èèyàn rò pé ó ti parí fún un. Ó tún gba wúrà. Lẹ́yìn Rio, wọ́n yọ ìdíje náà kúrò nínú Òlíńpíìkì.

Tírígà oníná ti wọ ìbọn afẹ́fẹ́ náà, mo sì gbà pé ó dára. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé elére lè máa fà á nílé láìsí ọta, láìsí afẹ́fẹ́, nígbà tó bá fẹ́, ìka rẹ̀ á sì máa gbọ́ ohun kan náà tó máa gbọ́ níbi ìdíje. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lo iná lè kú bí ohun tó ń lo iná. Ní Òlíńpíìkì Tokyo, ìbọn Manu Bhaker, ọmọ Íńdíà, bàjẹ́ láàárín ìdíje ìpele àkọ́kọ́. Ó jáde lọ tún un ṣe, aago ń lọ. Nígbà tó padà dé, ó ní láti máa yìn kánkán. Máàkì 575 ló gbà, ipò kejìlá; àwọn mẹ́jọ ló ń lọ sí àṣekágbá. Ní Paris 2024, ó gba idẹ méjì.

Ní Paris yẹn kan náà ni àwòrán Yusuf Dikeç, ọmọ Túrkì, gba ayé kan: ọkùnrin ẹni ọdún 51, ọwọ́ kan nínú àpò, ojú méjèèjì là sílẹ̀, kò lo àwọn awò aláràbarà tí àwọn yòókù ń lò. Òun àti Şevval İlayda Tarhan gba fàdákà. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìbọn lásán ló mú wá láti ilé. Rárá o. Ìbọn ìdíje òde òní ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú tírígà tó kọjá lórí òṣùwọ̀n àwọn adájọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Awò aláràbarà ni kò lò. Kò sí ohun tó yọ kúrò nínú tírígà.

Bí o bá fẹ́ ra ìbọn àtijọ́

Kò pọn dandan kí ìbọn bàjẹ́ kó tó di àtijọ́. Títí di 2004, ìdíje ìyìnkánkán ní mítà 25 ń lo kátíríìjì .22 kúkúrú àti tírígà tó fúyẹ́ gan-an. Ní 2005, òfin yí padà sí .22 tó gùn àti tírígà 1000 gíráàmù. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn ìbọn tó ti gba wúrà Òlíńpíìkì kò wúlò fún ìdíje mọ́. Nítorí náà, kọ́kọ́ ka òfin ìdíje tí o fẹ́, kí o tó wo ìbọn.

Lẹ́yìn náà, ka òfin ìlú. Lẹ́yìn ìpakúpa tí wọ́n fi ìbọn ṣe ní ìlú Dunblane ní 1996, ìjọba Britain fòfin de ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù ní 1997, débi pé àwọn elére wọn ní láti máa lọ sí òkè òkun láti ṣe ìgbáradì fún ìdíje mítà 25. Ìbọn ìléwọ́ afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ ṣì wà lábẹ́ òfin ní England, ṣùgbọ́n ní Scotland ó gba ìwé àṣẹ. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn 1959 kò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́tù, ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá sì gba ìwé àṣẹ. Ọmọ Yorùbá tó wà ní London tàbí Manchester tó fẹ́ kọ́ eré yìí, ẹgbẹ́ ìbọn afẹ́fẹ́ mítà 10 ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ jù, níbi tí wọ́n á ti kọ́ ọ kí o tó ra ohunkóhun.

Nígbà tí o bá wá fẹ́ ra, n kò ní bẹ̀rù ìbọn 65 tó ti pé ọdún 40, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ti pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló ń fún sípíríǹgì rẹ̀, kò nílò sílíńdà. Ìbọn tuntun tó ń lo sílíńdà, wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára sílíńdà kó tó di pé o wo ìbọn, nítorí wọn kì í gbà á níbi ìdíje àgbáyé lẹ́yìn ọdún 10, owó sílíńdà tuntun kò sì kéré. Ti CO2, àfi bí o bá mọ ẹni tó ṣì ń tún wọn ṣe.

Bí owó kò bá tó fún ohun gbogbo, kọ́kọ́ ra èèkù tó bá ọwọ́ rẹ mu. Di ìbọn mú, di ojú rẹ, na apá, kí o tó la ojú: bí irin iwájú kò bá sí láàárín ẹ̀là ti ẹ̀yìn, èèkù náà kò tíì jẹ́ tìrẹ. Nígbà tí èyí bá ti tọ́, tún ibi tí ìka ń tẹ̀ ṣe, kí orí ìka nìkan kàn án, kí ìyókù ìka má fara kan ẹ̀gbẹ́ ìbọn rárá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ìkọ́ tuntun tàbí tírígà oníná.